Tírélà tí kò níná lẹ́yìn: Ikú tó ń lúgọ de èrò lójú ọ̀nà marosẹ̀

Ẹni tó bá máa ń gba ọ̀nà marosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú yóò mọ̀ pé ẹ̀rù àwọn adigunjalè nìkan kọ́ ló ń ba awakọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù tírélà tó dúró gbagidi sínú òkùnkùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí kò ní iná pupa kan ṣoṣo lẹ́yìn, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kékeré á máa sáré bọ̀ wá ní tirẹ̀, kò ní í rí i. Ìgbà tí yóò bá fi rí i, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Lọ́jọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, gbogbo ayé ló gbọ́ bí ọkọ̀ tí gbajúgbajà abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nì, Anthony Joshua, wà nínú rẹ̀ ṣe lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Mákùn, nítòsí Ṣágámù, ìlú tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Joshua mórí bọ́, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà kú. Ojúmọmọ ni tiwọn ṣẹlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn kọ́ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó mú èèyàn ronú ni pé bí ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró bá lè gba ẹ̀mí báyìí nígbà tí oòrùn ń ràn, kí ni kò ní í ṣe ní aago mọ́kànlá òru, nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú òun?

Irú rẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lóru kì í sábà dé etí ayé. Ìyá ọlọ́jà tó ń ti ọjà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sílé ẹ̀kọ́, bàbá tó ń lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń wà nínú ọkọ̀ tó lọ wọlé sábẹ́ tírélà. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n á wọ́ àwókù ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn á sì máa sọ pé eré àsápajúdé ló pa wọ́n. Eré lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: kí ni ó yẹ kí awakọ̀ náà rí tí kò rí?

Òfin kọ́ ni kò sí. Ọdún 1977 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nítorí bí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1978, ni wọ́n ṣí ọ̀nà marosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tó di ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Ṣóyínká yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n tún òfin àjọ náà ṣe. Ìlànà ìrìnnà wa kò sì fi ọ̀rọ̀ iná pa mọ́: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní iná pupa lẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dá iná padà, dẹ́rẹ́bà sì gbọ́dọ̀ ní C-caution onígun mẹ́ta tí yóò gbé sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sọ́nà. Kódà, òfin ní kí tírélà má ṣe ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà marosẹ̀, nígbà tó fún ọkọ̀ kékeré ní 100.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Gbogbo òfin wọ̀nyí gbára lé iná mànàmáná inú ọkọ̀, gílóòbù, wáyà àti ìfẹ́ inú dẹ́rẹ́bà. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá já, òkùnkùn dé nìyẹn.

Orí tírélà ni ẹ́ńjìnnì àti bátìrì wà. Ẹ̀yìn tó ń gbẹ́rù, tó lè gùn tó mítà 12, kò ní iná tirẹ̀. Wáyà tó lọ́ bí ìfun ni wọ́n fi ń gbé iná láti orí wá sí ẹ̀yìn, wọn a sì fi púlọ́ọ̀gì so ó pọ̀. Bí orí kan bá já ẹ̀yìn kan sílẹ̀ ní wáàfù Àpápá, tó lọ gbé òmíràn, púlọ́ọ̀gì méjèèjì lè má bára mu. Òjò á wọnú rẹ̀, yóò dípẹtà. Ọkọ̀ á fẹ̀yìn rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, gíláàsì iná ẹ̀yìn á fọ́ mọ́ ògiri. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà á bo èyí tó ṣẹ́kù. Àwọn réwáyà lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ pé iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀ kò ní í fẹ́ pàdánù wákàtí yẹn, olówó ọkọ̀ kò sì sí nítòsí láti rí i pé iná kò tàn.

Bí ọkọ̀ bá wá kú sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Dẹ́rẹ́bà tó bá fi iná sílẹ̀ kó máa ṣẹ́jú mọ́jú mọ̀ pé bátìrì lè ti kú tán kí mẹkáníìkì tó dé, nítorí náà yóò pa á. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé iná ni yóò júwe wọn fún àwọn olè. Ewé tútù tàbí ẹ̀ka igi ni wọ́n sábà máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí kí wọ́n to òkúta síbẹ̀. Ewé àti òkúta kì í tàn lóru. Nígbà tí táyà ọkọ̀ kékeré bá gun òkúta náà, ìkìlọ̀ ti di jàǹbá. Ìgbà tí wọ́n bá sì tún ọkọ̀ ṣe tán, wọn a máa lọ ní tiwọn, wọn a fi òkúta sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, kó lè yé gbogbo ènìyàn pé ojú tó mú kò tó. Ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà láàyè, ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá rí nǹkan, kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ ohun tó jẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí búrẹ́ẹ̀kì, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lè ti lọ, ọkọ̀ sì ti rin mítà 42. Lẹ́yìn èyí ni búrẹ́ẹ̀kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì tún gbà tó mítà 55 lórí ọ̀dà gbígbẹ kó tó dúró. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 97. Bí òjò bá rọ̀, tàbí bí táyà bá ti jẹ, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti iná iwájú ọkọ̀ tó wolẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní dímù, ibi tó lè mú kí èèyàn rí ohun dúdú dé kì í sábà ju mítà 50 sí 60 lọ. Ẹ̀yìn tírélà tí ẹrẹ̀ ti bò, tí tapólì aláwọ̀ dúdú tún bo ẹrù orí rẹ̀, ohun dúdú ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó pa gbogbo òfin mọ́, tí kò mutí, tí kò sáré ju bó ṣe yẹ, ṣì lè kú síbẹ̀. Ohun tó nílò láti fi dúró jẹ́ mítà 97, ohun tó rí jẹ́ 60. Mítà 37 tó kù láàárín ni ikú jókòó sí. Bí ọkọ̀ mìíràn bá tún tan iná fúlù bọ̀ láti òdìkejì, bó ṣe máa ń rí lójú ọ̀nà tóóró tí kò ní àlà láàárín, ìwọ̀nba tí ojú ń rí á tún dín kù.

Tírélà tó ń rìn pàápàá kò yọ sílẹ̀. Èyí tó di ẹrù sìmẹ́ǹtì kún tàbí tó gbé epo, tó wá ń gun òkè, lè máa rá bí ìgbín ní kìlómítà 25 tàbí 30. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní 100 yóò bá a láìpẹ́, àfi bí iná ẹ̀yìn bá ti sọ fún un láti òkèèrè pé nǹkan ń bẹ níwájú.

Ohun tó tún mú kí irú ìkọlù yìí yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ méjì tó forí sọra ni gíga tírélà. Abẹ́ rẹ̀ ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kékeré lọ. Nítorí náà, iwájú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti gba agbára ìkọlù kò ní í kan nǹkan kan. Yóò wọlé sábẹ́ tírélà ni, ibi gíláàsì iwájú àti òrùlé, níbi tí orí àwọn èrò wà, ni irin yóò ti kọ́kọ́ kàn. Bẹ́líìtì àti báàgì afẹ́fẹ́ kò lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Bí òṣèrébìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, Jayne Mansfield, ṣe kú nìyẹn lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1967, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ tírélà tó wà níwájú rẹ̀ lóru. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ fi ń pe irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn tírélà mọ́ orúkọ rẹ̀. Irin yìí ló ń dá ọkọ̀ kékeré dúró kó má bàa wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí irin náà bá tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn, àwọn kan á ní kí wẹ́dà gé e sọnù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó rí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ kò dúró lórí iná nìkan. Ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé gbogbo tírélà ńlá tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1993 gbọ́dọ̀ ní téèpù pupa àti funfun tó ń dá iná padà, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn ògbólógbòó tírélà tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, wọ́n fún wọn ní gbèdéke títí di ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2001. Téèpù yìí kò lo bátìrì, kò ní wáyà, kò sì ní gílóòbù tó lè jó. Iná ọkọ̀ ẹni tó ń bọ̀ ló máa ń gbà, tí yóò sì dá a padà sójú onítọ̀hún. Bó bá mọ́ tónítóní, èèyàn lè rí i láti ibi tó ju mítà 300 lọ. Tírélà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, tí bátìrì rẹ̀ kú, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sì ti sá wọgbó, téèpù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó nílẹ̀ Amẹ́ríkà, NHTSA, gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2001 lórí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida àti Pennsylvania. Wọ́n rí i pé téèpù náà dín bí ọkọ̀ ṣe ń kọlu ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tírélà nínú òkùnkùn kù ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí kò sí iná ojú pópó rárá, ó dín in kù ní ìdá 41. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà marosẹ̀ wa ló wà ní ipò kejì yìí. Kókó kan tún wà nínú ìwádìí náà tó bá wa wí gan-an: téèpù tó mọ́ dín kíkọlu ẹ̀yìn tírélà kù ní ìdá 53, ṣùgbọ́n èyí tó dọ̀tí kò lè ju ìdá 27 lọ. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ òjò ilẹ̀ wa kò ní í jẹ́ kó pẹ́ dọ̀tí. Omi àti àkísà ni oògùn rẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ló sì yẹ kó máa fi nù ún kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ilẹ̀ Yúróòpù náà sọ ọ́ di dandan láti oṣù Keje, ọdún 2011, pé ọkọ̀ akẹ́rù tuntun tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ gbọ́dọ̀ ní téèpù bẹ́ẹ̀. Èyí kàn wá, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tírélà tòkunbọ̀ ti ń wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún náà lè má ní téèpù kankan láti ilé. Èyí tó sì ní i, bó bá dé ibí, wọ́n á tún un kùn, ọ̀dà á bo téèpù náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á wá kún fún àwòrán kìnnìún àti ẹyẹ idì, àdúrà àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, tí gbogbo rẹ̀ dára lójú lọ́sàn-án, tí kò sì sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè kà lóru.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ibẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń mú àwọn ọkọ̀ tí kò níná, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ téèpù yìí fún àwọn onítírélà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn TRACE ìpínlẹ̀ Ògùn náà ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń mú ọkọ̀ ni ìṣòro wà. Ojú ọ̀nà ni, ojúmọmọ sì ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lọ́sàn-án, ta ni yóò mọ̀ pé iná ẹ̀yìn kò tàn, bí kò bá ní kí dẹ́rẹ́bà tẹ búrẹ́ẹ̀kì? Lóru tí àìsí iná ń hàn gbangba, ó léwu láti dá tírélà dúró lójú ọ̀nà marosẹ̀, nítorí ẹni tó ń dá a dúró lè di òkú pẹ̀lú ẹni tó ń wà á. Bí wọ́n bá sì mú un, owó ìtanràn ni yóò san, yóò sì máa bá òkùnkùn rẹ̀ lọ.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti mú un ni ẹnu géètì tí wọ́n ti ń gbẹ́rù. Kò sí tírélà tí kì í dúró síbì kan kó tó di ẹrù. Wáàfù Àpápá àti Tin Can ní géètì. Àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Èwékorò, Ìbẹ̀sè àti Ṣágámù ní géètì. Ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, ọkọ̀ ti dúró, kò sí ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ìwé ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ẹni kan lè ní kí dẹ́rẹ́bà tan iná ẹ̀yìn, kó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, kó tan tirafikétọ̀, kó gbé C-caution rẹ̀ jáde. Yóò wo téèpù àti irin ìdábùú, kò sì ní í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọkọ̀ tó bá kùnà kò ní í gbẹ́rù, ìyẹn nìkan ni yóò mú kí olówó ọkọ̀ wá réwáyà kíákíá. Ẹni tí owó ìtanràn kò dùn, ẹrù tí kò rí gbé yóò dùn ún.

Èyí kì í ṣe àlá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wà fún àwọn ọkọ̀ agbépo, èyí tí FRSC pè ní Safe-to-Load, tí wọ́n fi ń yẹ táńkà wò ní dípò kó tó gba epo. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé epo lè jó àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àti yanrìn kò ní láti jóná kó tó pa èèyàn. Kò sí ìdí tí tírélà tó gbé kọ̀ǹténà, tipà tó gbé yanrìn, àti ọkọ̀ tó ń kó tòmátì àti màlúù bọ̀ láti òkè Ọya gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, yóò fi wà níta irú ètò yìí. Bákan náà ni ti ibùdókọ̀ tírélà ní Ògèrè, níbi tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń dúró sinmi. Ibẹ̀ náà yẹ fún àyẹ̀wò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn onítírélà lè sọ pé owó ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn. Owó táyà, owó dísù, owó onírúurú ẹgbẹ́ àti ti àwọn tó ń gba owó lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ná owó lé lórí, téèpù wà lára èyí tówó rẹ̀ kéré jù. Táyà kan ṣoṣo tó bẹ́ jẹ owó ju èyí tí yóò yí ẹ̀yìn tírélà ká lọ. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún ni ayédèrú. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló ń dá iná padà. Ojúlówó tó tẹ̀lé ìlànà Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òbírí lára, ti Amẹ́ríkà sì ní DOT-C2. Èyí tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì lè jẹ́ bébà aláwọ̀ lásán. Àwọn gílóòbù aláwọ̀ búlúù tó ń ṣẹ́jú, tí àwọn kan ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fún ẹwà, kò lè rọ́pò iná pupa, nítorí pé pupa ni awakọ̀ mọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré náà kò mọ́ pátápátá. Ẹni tí iná iwájú rẹ̀ kan ti kú, tí gíláàsì iná kejì sì ti pọ́n bí ìgò epo pupa, kò ní rí téèpù dáadáa bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí iná tí a kò fún téèpù, kò lè dá a padà. Ẹni tó ń sá 140 lóru ti ń sáré ju ojú rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà nílò ìmọ́lẹ̀, eré sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bá fi hàn.

Ṣùgbọ́n ẹrù kì í dọ́gba lórí. Ẹni tó gbé tọ́ọ̀nù 30 sí ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ló kọ́kọ́ ní ojúṣe láti jẹ́ kí ayé rí òun. Ilé iṣẹ́ tó di ẹrù lé e lórí, tó mọ̀ pé ilẹ̀ yóò ṣú bá a lọ́nà, ní ìpín níbẹ̀. Ìjọba tó lè ti géètì kan pa, ṣùgbọ́n tó ń dúró de jàǹbá kó tó ránṣẹ́ sí ọkọ̀ agbókùú, ní ìpín tó pọ̀ jù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ilẹ̀ yóò tún ṣú lálẹ́ òní láàárín Ìbàfò àti Ògèrè, àwọn tírélà yóò sì tún gbéra láti ẹnu géètì tí ẹnikẹ́ni kò ti wo ẹ̀yìn wọn.